Àbọ̀ rèé: a ti lọ síbi àjọ̀dún orin létí òkun ní Athens

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n wá jábọ̀ kí n tó ti ọ̀rọ̀ yìí. Mo bèèrè lọ́wọ́ yín níbí níjọ́sí bóyá èmi àti ìyàwó mi, tí a lọ lo ìsinmi ní Gíríìsì, lè dé Release Athens, àjọ̀dún orin náà, láti Monastiraki ní àárín ìlú Athens láìwọ takisí. A dé e! Rélùwéè Line 1 ló gbé wa dé ibùdókọ̀ Faliro, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Plateia Nerou, gbàgede etí òkun tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká wọ bàtà tó nípọn, ẹ ṣeun gan-an ni. Kọnkéré ni ilẹ̀ ibẹ̀, oòrùn sì ti yan án látàárọ̀. Ooru rẹ̀ ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí oòrùn wọ̀. Ìgbà yẹn ni atẹ́gùn òkun dé. Ìlù ń dún nínú àyà wa, iyọ̀ òkun ń bẹ létè wa, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Ohun kan ló dùn mí: wọ́n gba ike omi wa lẹ́nu ọ̀nà, a sì tò pẹ́ ká tó rí òmíràn rà. Ẹ mumi yó kí ẹ tó wọlé o.

Ìbéèrè mi ti yanjú. Ẹ ṣé púpọ̀.