Ojú ọmọ mi pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, ṣé káńfọ̀ mọ́mì ló fà á?

Ìyá Tómi (Manchester): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọkùnrin ọjọ́ 4, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Abẹ́ iná búlúù ló wà látàárọ̀, wọ́n dì í lójú bí ọmọ eégún. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ń fura sí àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má fọ́, ó bi mí bóyá káńfọ̀ wà nílé. Mọ́mì sì gbé àpótí aṣọ tí Tómi lò dé láti Abẹ́òkúta, káńfọ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Ṣé kí n fọ̀ ọ́ ni àbí kí n dà á nù? Oògùn ibà wo ni mi ò gbọdọ̀ fún un tá a bá lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà?

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ kú ewu ọmọ. Gbé àpótí yẹn jáde! Èmi fọ tèmi, mo sá a, mo rò pé ó tán. Ẹ̀jẹ̀ Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Kẹ́hìndé, tó jẹ́ obìnrin, kò ṣe é ní nǹkan kan. Aṣọ kan náà o! Ọ̀dọ̀ ìyá lọkùnrin ti ń jogún ẹ̀.

Bọ̀dé (Houston): Tiwa, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tí G6PD ṣì pọ̀ nínú ẹ̀, ló tàn wọ́n jẹ. Lẹ́yìn oṣù 3 ló tó jáde. Ẹ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Dàda (Leeds): Káńfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú aṣọ gbogbo wa, kí ló ṣe wá? Ẹ gbé ọmọ sóòrùn àárọ̀.

Ìyá Ìbejì: Oòrùn Leeds wo? 😂 Ta ló ní kò ṣe wá? Nínú ọkùnrin 5 láàárín àwa Yorùbá, bí ẹnì kan ló ní àìtó G6PD yẹn. Oòrùn yẹn náà ni wọ́n gbé àbúrò mi sí títí ojú pípọ́n yẹn fi wọ ọpọlọ ẹ̀. Etí ẹ̀ di títí dòní.

Dàda: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mi ò mọ̀.

Fúnmi (Birmingham): Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní kọ oògùn fọ́mọ tí mi ò rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sára ìwé ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ lo primaquine (oògùn ibà), dapsone (oògùn ẹ̀tẹ̀) àti nitrofurantoin (oògùn àkóràn ojú ìtọ̀). Ìwọ tó ò ń fún un lọ́mú náà, dárúkọ G6PD kó o tó gba oògùn kankan.

Bọ̀dé: Oògùn ibà kẹ̀? Ẹ rántí chloroquine ayé ìgbà yẹn! Òòyà ni mo fi ń họ ẹ̀yìn mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi á lò ó tán, á sùn fọnfọn. Ìyá kan, bàbá kan.

Dàda: 😂😂 Houston ò mà ní òòyà irú ẹ̀.

Bọ̀dé: Ó sàn ju Leeds tí ò ní oòrùn lọ. Àmọ́ òórùn káńfọ̀ yẹn... yàrá ìyá àgbà mi gan-an nìyẹn.

Ìyá Tómi: Mọ́mì ti gbé àpótí síta, òjò sì ń rọ̀ sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé aṣọ òkè ìkómọ òun wà nísàlẹ̀ ẹ̀.