Ta ló ti bá wọn fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Accron
Ẹ kú ilé o. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú èèyàn rìn létí ọ̀sà lọ ní Sátidé. Wọn ò dá iye kan lé e, ohun tó bá wu kálukú ló ń fi sílẹ̀. Ìdí afárá la ti bẹ̀rẹ̀, a gba etí omi, a gòkè lọ sí ààfin Honmè, a sì parí ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àwọn Àgùdà, àwọn tí ìdílé wọn ti Brazil padà wá. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ní 1861, orí omi yẹn làwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wá yìnbọn àgbá sí ìlú wa! Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọba Sodji ti wọ abẹ́ ààbò Faransé. Omi tí mò ń wò láti kékeré mà nìyẹn. Ta ló tún ti lọ? Kí lẹ rí?

Ìyá Ìbejì Ouando
Mo lọ. Oòrùn mú gan-an. Ó dáa, màá tún lọ.

Ọmọ Ẹlẹ́ja
Èmi náà lọ, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tá a dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, afinimọ̀nà dúró, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fẹ́ tún etí ọ̀sà ṣe, pé igi á wà, iná á wà, ibi ìjókòó á wà. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ tó dúró lé lèmi ń wò. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá ìyá mi máa ń tẹ́ ẹní sí. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn ará Aguégué, àwọn abúlé orí omi yẹn, á ti fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn dé, ẹja tútù lọ́tọ̀, edé lọ́tọ̀. Ẹ ó gbọ́ ohùn wọn nínú òkùnkùn kẹ́ ẹ tó rí wọn. Màmá á ná an, wọ́n á jà díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, á wá gbé agbọ̀n rù lọ sílé láti lọ yan án. Owó ẹja yẹn ló rán màmá mi nílé ìwé.

A ti rìn láti àárọ̀, a gbọ́ nípa ọba, nípa òyìnbó, nípa Àgùdà. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àwọn obìnrin yẹn. Mo nawọ́ sókè, mo bi í pé níbo ni ẹlẹ́ja á máa jókòó sí tí wọ́n bá kọ́ gbogbo ẹ̀ tán? Ó ní kí n bọ́ síwájú, kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Mo sọ ọ́ títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Ọmọ Accron
Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ búbà aláwọ̀ ewé yẹn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Alàgbà Adjarra
Kí wọ́n má tún un ṣe ni? Ẹ ti rí bí etí omi yẹn ṣe rí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ààtàn lásán. Iṣẹ́ àtúnṣe ìlú tí wọ́n pè ní «Porto-Novo, ville verte» (ìlú tútù yọ̀yọ̀) yẹn, mo fara mọ́ ọn.

Ọmọ Ẹlẹ́ja
Bàbá, mi ò ní kí wọ́n má tún un ṣe. Mo ní kí ẹlẹ́ja ráyè níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ouando
Ọ̀rọ̀ nìyẹn!!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
Ẹ jẹ́ ká rántí ohun mìíràn tó gba orí omi yẹn kọjá. Ọ̀nà omi yẹn dé Àgbádárìgì, ó dé Èkó. Wọ́n fi ọkọ̀ kó ẹrú gba ibẹ̀ kó tó wá di ọ̀nà epo pupa. Ó yẹ kí afinimọ̀nà dúró níbẹ̀, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ Àgùdà
Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ témi lọ. Ó tún sọ pé lára àwọn tí wọ́n kó lọ, àwọn ọmọ wọn padà wá láti Bahia ní Brazil, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn mùsùlùmí ní 1835. Ìdí nìyẹn tí mọ́ṣáláṣí wa fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìjọsìn tí àwọn kọ́lékọ́lé wa mọ̀ ọ́n kọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́ síbí. Inú mi dùn débi pé mo pe bàbá mi lórí fóònù níbẹ̀.

Ọmọ Tè-Agbanlin
Ó dáa, àmọ́ kí lẹ gbọ́ nípa ẹni tó tẹ ìlú dó? Èyí tó mú tèmi lọ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọdẹ Yorùbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé orí Tè-Agbanlin tó ti Allada wá.

Ọmọ Accron
Bó ṣe tò ó yẹn ló yẹ. Avessan, òrìṣà olórí mẹ́sàn-án, ti wà ní àdúgbò Accron kí ọba kankan tó dé. Ẹ lọ wo ojúbọ ẹ̀.

Ọmọ Tè-Agbanlin
Ojúbọ wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ta ló sọ ọ́ di ìlú ọba?

Alàgbà Adjarra
Ẹ̀yin ọmọ, ìyá Gun, bàbá Yorùbá, ilé kan náà lẹ ti jẹun. Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi. Ọ̀rọ̀ ewéko tó ń bo ọ̀sà ńkọ́?

Ọmọ Ẹlẹ́ja
Tómi Ouémé bá kún ló máa ń kó o wá, ọkọ̀ ò ní lè kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba Kútọnu wọlé, á sì pa á. Àwọn apẹja mọ oṣù tí ìkọ̀ọ̀kan ń bọ̀. Àwọn ni ká ní kó máa mú wa rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
1885 ni wọ́n gbẹ́ ojú omi Kútọnu yẹn. Látìgbà náà niyọ̀ ti ń wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ apẹja kan tó lè bá wa sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́ja
Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ṣì ń dẹ akaja ẹ̀, ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ omi kí ẹja lè kó síbẹ̀. Màá bi í léèrè.

Ọmọ Accron
Màá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Tó bá gbà, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, káwọn ọkọ̀ Aguégué bá wa níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ouando
Ṣé èèyàn lè mú ọmọ kékeré wá?

Ọmọ Ẹlẹ́ja
Ẹ mú wọn wá, ìyá. Àmọ́ létí omi, ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú.