Irú ẹni wo ni ó yẹ kí a gbà sí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ oníwákàtí díẹ̀ ní abúlé?

Akọ̀wé Ìlú (Ẹ̀pẹ́) béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Abúlé kan ní apá Èjìnrìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹni tí ó bá ń retí lẹ́tà tàbí ẹrù kékeré ní abúlé wa gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ sí inú ìlú Ẹ̀pẹ́ kí ó tó rí i gbà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sì lè ju iye ohun tí ó lọ gbà lọ. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa pinnu láti kọ̀wé béèrè fún ibùdó ìfìwéránṣẹ́ kékeré kan, tí ẹnì kan yóò máa bójú tó fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Gbogbo wa ni a fohùn ṣọ̀kan títí a fi dé orí irú ẹni tí a ó dárúkọ pé ó yẹ, ni ariwo bá ta. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ bá dára jù lọ ni kí a mú. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ti nílé, tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ni. Wọ́n wá ní kí èmi akọ̀wé lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà ni mo rí tí ìlànà rẹ̀ kún jù. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn lé ní 150,000, ìgbèríko sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gramin Dak Sevak, ìyẹn ìránṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìgbèríko, ni wọ́n ń bójú tó àwọn ti abúlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ tíì ju 40 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi ọdún mélòó kan kún un fún àwọn ẹ̀yà tí a ti fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn àti fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ó gbọ́dọ̀ ti yege ní ìdánwò ìparí kíláàsì kẹwàá, kí ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí ó yege. Ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ èdè àdúgbò títí dé kíláàsì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò, kí ó sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ alùpùpù gùn, wọ́n gbà pé ó mọ kẹ̀kẹ́. Wọn kì í ṣe ìdánwò, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Máàkì kíláàsì kẹwàá nìkan ni wọ́n fi ń to orúkọ, tí ẹni tí ó gboyè ní yunifásítì kò sì ní àǹfààní kankan lórí ẹni tí kò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an nígbà tí mo kà á fún wọn.

Ohun méjì ni ó wá dí mi lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni pé òfin wọn sọ pé òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà ìjẹun mìíràn tí ó tó bọ́ òun àti ìdílé rẹ̀, yàtọ̀ sí owó tí ìjọba yóò máa san fún un. Èkejì ni pé ó gbọ́dọ̀ máa gbé ní abúlé tí ibùdó náà wà, tí ó bá sì jẹ́ òun ni olórí ibùdó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá yàrá tí wọn yóò fi ṣe ọ́fíìsì, ní àárín ibi tí àwọn èèyàn pọ̀ sí. Bí a bá kọ irú èyí sínú ìwé tiwa, ǹjẹ́ a kò tíì sọ fún ọmọ tálákà pé kí ó má wulẹ̀ yọjú? Kí n má fi ohunkóhun pamọ́: ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára àwọn tí ó ń fẹ́ iṣẹ́ náà, apẹja ni, nítorí náà kí ẹ fi èyí wọn ọ̀rọ̀ mi wò.

Ará Ìkòròdú fèsì pé:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Mo lo ọdún mẹ́rin ní Pune, ìlú kan ní Íńdíà, nígbà tí mo ń kàwé, ìyá ọ̀rẹ́ mi kan sì ni olórí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní abúlé wọn, nítorí náà mo mọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ ju bí ìwé ṣe kọ ọ́.

Kí ẹ tó bínú sí òfin ọ̀nà ìjẹun mìíràn yẹn, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn, lẹ́tà tí ń dé abúlé kò tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tí yóò jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n wá ń bẹ tíṣà ilé ìwé, onísọ́ọ̀bù tàbí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì pé kí ó bá wọn fi wákàtí díẹ̀ mú un mọ́ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìta ni wọ́n kà wọ́n sí, orúkọ wọn nígbà náà sì fi bẹ́ẹ̀ hàn, títí di 2001 tí wọ́n yí i padà sí èyí tí ẹ kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀ ni a ń pè wá síṣẹ́. Ìjẹun rẹ̀ ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ kékeré náà ṣeé ṣe. Àpèjúwe lásán ni nígbà náà. Nígbà tí ó yá ni ó di òfin, tí òfin náà sì di ohun tí wọ́n fi ń dáhùn bí òṣìṣẹ́ bá ní owó òun kò tó.

Owó náà ti gbé pẹ́ẹ́lí díẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí Kamlesh Chandra ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní 2016, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2018 sì ni olórí ibùdó oníwákàtí mẹ́rin ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12,000 rúpì lóṣù, tí igbákejì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10,000. Òfin wọn sọ pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí márùn-ún lọ lóòjọ́. Ní ti ìyá ọ̀rẹ́ mi, àwọn ará abúlé kò mọ ohun tí ń jẹ́ wákàtí márùn-ún. Ilé rẹ̀ ni ọ́fíìsì wà, wọ́n sì máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbàkúgbà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi yàrá ara rẹ̀ ṣe ọ́fíìsì, ẹ ronú síbẹ̀.

Síbẹ̀ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní 1977, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Íńdíà dájọ́ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò sí nínú agbo òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń gba owó oṣù kíkún, ipò ìjọba ni ipò tí wọ́n wà, a kò sì lè lé wọn kúrò láìjẹ́ pé a sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún wọn, kí a sì fún wọn ní àyè láti wí tẹnu wọn. Wọ́n lè wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 65. Àwọn ará ìlú tí ó ń da ìlànà ìgbanisíṣẹ́ wọn kọ kì í sábà da apá yìí kọ.

Ìyá Amòfin fèsì pé:

Ẹ ṣeun, àbúrò mi ará Ìkòròdú. Iṣẹ́ òfin àwọn òṣìṣẹ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ilé ni n ó sọ ọ̀rọ̀ mi dé.

Akọ̀wé, gbólóhùn náà “oníwákàtí díẹ̀” tí ẹ kọ wúwo ju bí ẹ ti rò lọ. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2019, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024 tí iye náà fi di 70,000 náírà, yọ àwọn òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀. Ó yọ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀, ó yọ ẹni tí a ń san kọmíṣọ̀nnù fún sílẹ̀, ó sì yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ẹ wo bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbà yóò ti wọ inú àwọn tí a yọ sílẹ̀ yìí bọ̀ọ̀rọ̀, àgàgà bí ó bá jẹ́ pé àdéhùn kọmíṣọ̀nnù ni a ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni náà ní ọ̀nà ìjẹun mìíràn, òfin wa ti gbà pé ó ní. Íńdíà kàn kọ tiwọn sílẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ rò pé ó sàn kí a kọ ọ́, kí ẹni tí ń bọ̀ mọ ohun tí ó ń kó wọ̀, ju kí ó dé ibẹ̀ tán kí ó tó mọ̀.

Ohun tí n ó bá yín jà lé lórí ni èyí: ẹ má ṣe kọ “ọmọ bíbí ìlú”. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ ìlú dáadáa, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti dá a. Íńdíà béèrè ibi tí èèyàn ń gbé, wọn kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí baba rẹ̀, wọ́n sì gbà kí ẹni tí ó ti ibòmíràn wá kó wá sí abúlé náà lẹ́yìn tí a bá ti mú un. Ní tiwa, abala 42 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fi àyè gba ìjọba láti fi ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ dù ú ní ẹ̀tọ́. Bí ìwé yín bá dé ọwọ́ ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ti fún wọn ní ìdí láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn.

Ní kúkúrú, kí ẹ tún béèrè pé kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ náà ní ìwé àdéhùn. Òfin iṣẹ́ wa fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta, ó pẹ́ tán, láti kọ àwọn ohun tí iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ gígùn yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ní etí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa, a lè mú ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa, kí lẹ́tà má sì kúrò ní èbúté. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní apá Èjìnrìn. Ẹ kọ ọ́ pé kí ó lè dé gbogbo abúlé tí ó wà lábẹ́ ibùdó náà, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ti èdè. Ní ìletò kan lọ́dọ̀ wa, Ègùn ni ilé kan ń sọ, Yorùbá ni èkejì ń sọ, ẹni tí kò bá sì gbọ́ méjèèjì yóò fi ẹrù ẹlẹ́rù jíṣẹ́ ibi tí a kò rán an. Ẹ̀yin náà ní àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn tí wọ́n ń pẹja ní ọ̀sà yín. Máàkì kíláàsì kẹwàá kò lè fi èyí hàn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá Olóńjẹ fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ gba tèmi náà. Baba mi ni ó ń tọ́jú lẹ́tà fún àwọn ará abúlé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta kẹrosíìnì àti iyọ̀ ni ó sì ti ń ṣe é. Inú páànù bisikíìtì ni sítáǹpù máa ń wà, lórí pẹpẹ tí ọwọ́ wa kò tó.

Mo fara mọ́ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀. Owó tí baba mi ní kọ́ ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dára lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni kì í jẹ́ kí ó kúrò lójú kan. Tíṣà náà wà ní abúlé wa, ó kàwé jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ilé ìwé bá ti tì, ó ti di Ìjẹ̀bú-Òde. Àgbẹ̀ á wà lóko, apẹja á ti sùn ní ọ̀sán nítorí pé òru ni ó ń ṣiṣẹ́. (Akọ̀wé, ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni.) Bí ẹ bá máa kọ pé kí ó ní iṣẹ́ mìíràn, ẹ kọ irú iṣẹ́ náà sí i: iṣẹ́ tí ó lè máa ṣe ní ibi kan náà, ní wákàtí tí ibùdó bá ṣí. Aránṣọ lè ṣe é, onígbàjámọ̀ lè ṣe é, ìyá tí ń ta oúnjẹ bíi tèmi náà lè ṣe é bí ó bá mọ̀wé.

Ohun kejì ni ẹnu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí i, ẹ fi ti kẹ̀kẹ́ sí i, ẹ kò fi ti ẹnu sí i. Ìdajì àwọn tí ń gba lẹ́tà nígbà náà kò mọ̀wé, baba mi ni ó ń kà á fún wọn. Ó mọ ọmọ tí ó wà lẹ́wọ̀n, ó mọ ọkọ tí ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Kúmásí, ó mọ ẹni tí ó gba owó tí ó sì sọ fún àwọn ará ilé pé òun kò gba nǹkan kan. Ìyá mi tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà kò gbọ́ ọ̀kankan lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, owó ni wọn yóò máa gbà fún àwọn èèyàn, tí wọ́n á sì máa bá wọn fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn sínú ẹ̀rọ. Ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ará Ìkòròdú tún fèsì pé:

Ìyá wa, ẹ ti sọ èyí tí ìwé kò sọ. Kí n fi ẹyọ kan kún un nítorí ọ̀rọ̀ owó tí ẹ mẹ́nu kàn: ní Íńdíà, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé onídùúró kí ó tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni, kí ìjọba lè rí ibi gba owó padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ adójútòfò lè ṣe é fún ẹni tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀, tí yóò máa san owó díẹ̀ lé e lórí. Bóyá ọ̀nà tí ọmọ tálákà lè gbà wọlé nìyẹn, Akọ̀wé.

Akọ̀wé Ìlú (Ẹ̀pẹ́) dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Amòfin, ẹ ríran o: “ọmọ bíbí ìlú” ni ìlà kejì nínú ìwé tí a kọ, mo sì ti pa á rẹ́, mo fi “ẹni tí ń gbé ní abúlé tàbí tí yóò kó wá láàárín oṣù kan” rọ́pò rẹ̀. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ wá yàrá fúnra rẹ̀ kúrò, nítorí pé yàrá kan wà nínú gbọ̀ngàn ìlú tí a kò lò, tí òrùlé rẹ̀ nìkan ń jò. Ní ti ọ̀nà ìjẹun mìíràn, mo kọ ọ́ bí Ìyá Olóńjẹ ṣe sọ ọ́, mo sì kọ òtítọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé owó iṣẹ́ náà lè má tó gbọ́ bùkátà ìdílé. Ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yege nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ti kúnjú òṣùwọ̀n ní apá yẹn, a kò ní fi máàkì dá wọn yàtọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yóò bá mi wí.

Mo fi ìwé náà han ẹ̀gbọ́n mi ní àná. Ó kà á dé ibi wákàtí tí ibùdó yóò máa ṣí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ó sọ fún wọn pé òun ń sùn ní ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ tí ó ń ránṣọ ni ó wá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìwé ẹ̀rí NECO ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjìlá.