Ẹ̀rọ ló ń bá wa nájà báyìí: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Arajà Iléeṣẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo máa ń ra irinṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tí mo wà: bolt, nut, páìpù, gbogbo nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í rántí àfi ọjọ́ tí kò bá sí nílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí bí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti AI ṣe ń yí òwò láàárín iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́ padà. Ẹ má sọ ohun tí wọ́n ń polówó fún wa o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú yín ni kí ẹ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí a bá nílò bolt tí omi iyọ̀ kò ní jẹ, ńṣe ni mo máa ń kọ̀wé sí àwọn olùpèsè tí mo mọ̀, màá wá máa retí. Ẹlòmíì á dáhùn lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì á gbàgbé mi pátápátá. Ní báyìí, mo lè kọ ohun tí mo ń wá sínú ẹ̀rọ bí Accio, èyí tí Alibaba gbé jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024, bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Á to àwọn olùpèsè síwájú mi, á sọ iye owó wọn, iye tó kéré jù tí wọ́n ń tà, àti ìgbà tí ẹrù lè kúrò lọ́dọ̀ wọn. N ò ní purọ́, mo ń gbádùn rẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí. Irin 316, oríṣi irin kan tí kì í tètè dípẹtà, ni mo ní kó bá mi wá. Molybdenum, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, ló ń jẹ́ kó lè dúró níbi tí omi iyọ̀ wà; irin 304 tó jọ ọ́ kò ní in. Ẹni tí ẹ̀rọ fi ṣe àkọ́kọ́, owó rẹ̀ dáa, "316" ló sì kún gbogbo ojú ewé rẹ̀. Mo fẹ àwòrán ọjà náà, mo wo orí bolt: A2-70 ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ ISO 3506, ìlànà àgbáyé lórí irú bolt bẹ́ẹ̀, mọ̀ pé ọ̀wọ́ 304 ni wọ́n ń pè ní A2. A4, ìyẹn ọ̀wọ́ 316, ló yẹ kí n rí. Ẹ̀rọ ka ọ̀rọ̀, kò wo orí bolt. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mágnẹ́ẹ̀tì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ o, irọ́ ni.

Mo ní kí olùtajà náà fi ìwé ẹ̀rí 3.1 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó yọ́ irin náà ránṣẹ́, èyí tó máa sọ ohun tó wà nínú irin náà gan-an. Kò fèsì mọ́. Ẹni kẹta lórí àkójọ yẹn, tó gbówó lórí díẹ̀, fi tiẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rà.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Páálí:
Arajà, ẹ ṣeun. Ìdí ọjà ni èmi wà ní tèmi. Páálí, téèpù, ọ̀rá ìdìrù, àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó ẹrù ni mò ń tà á fún lọ́pọ̀lọ́pọ̀. Ohun tí ẹ sọ yẹn gan-an ló ń dùn mí: ẹni tó mọ "316" kọ ló síwájú, ẹni tó ní ojúlówó lọ́wọ́ wà ní ipò kẹta.

Ohun tó yí padà jù fún mi ni pé oníbàárà kì í pè kó tó yàn mọ́. Nígbà kan, wọ́n á pè, màá bi wọ́n léèrè: kí lẹ fẹ́ dì sínú rẹ̀? Ṣé ẹ máa tò ó léra? Ṣé ibi tí ẹ ń kó o sí máa ń rin? Èsì wọn ni mo fi ń mọ páálí tó yẹ wọ́n. Ní báyìí, nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti yàn tán, àbí kí n ní ẹ̀rọ ti bá wọn yàn tán. Tí ojú ewé mi kò bá sọ ìwọ̀n páálí náà nínú àti lóde, nọ́ńbà ECT tó ń fi hàn bí etí rẹ̀ ṣe lágbára tó, àti iye tó wà nínú ìdì kan, ẹ̀rọ á fò mí bí ẹni pé n kò sí láyé. Olówó páálí ni mí o, mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí lójú ewé, kò sí níbi kankan.

Mo ní kí AI bá mi kọ àlàyé àwọn ọjà mi. Ó mọ̀ ọ́n kọ, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó fẹ́ràn àbùmọ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ páálí lásán pé omi kì í wọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún un? Tí ẹrù ẹlòmíì bá bàjẹ́ sínú òjò, AI kọ́ ni wọ́n máa pè. Torí náà, kò sí àlàyé tó ń jáde báyìí tí n kò kà láti òkè délẹ̀, kí n tó jẹ́ kó lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju ìyẹn lọ ni ẹni tó ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń rà lọ́wọ́ mi, ó mọ ìgbà tó ń rà á, ó mọ iye tó ń san. Tí òun náà bá pinnu lọ́la pé òun fẹ́ máa ta páálí ńkọ́? Ẹ má pè mí ní onífura. Lóṣù kejìlá 2022, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ìlérí tó de Amazon lọ́wọ́ ẹsẹ̀ pé kò ní máa fi ìsọfúnni àwọn olùtajà, èyí tí kò hàn sí gbogbo ayé, bá wọn díje. Ẹnikẹ́ni kì í gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fura sí.

Ẹsẹ̀-kò-gbélé:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Iṣẹ́ pé kí n máa lọ bá àwọn oníbàárà níbi iṣẹ́ wọn ni mò ń ṣe. Àpò ìwé ọjà ló máa ń wà léjìká mi tẹ́lẹ̀. Báyìí, oníbàárà á wọlé sórí ìkànnì ní òru, á rí iye tí a bá a ṣàdéhùn, á tẹ "tún un rà", ó parí. Owó tó máa ń kàn mí lórí irú ìràjà bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ mi ti gé e. Wọ́n ní n kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè fi já wọn nírọ́.

AI wa ló ń sọ ibi tí mo máa lọ báyìí. Ó ní oníbàárà kan ti ń ra disiki tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọrin ní ìlọ́po méjì; ó ní kí n lọ fún un ní ẹ̀dínwó kó lè túbọ̀ rà. Mo lọ. Mo ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo disiki náà. Aluminium ni wọ́n ń fi disiki irin lásán lọ̀! Ó ti di pa, kò lè gé nǹkan mọ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á mú òmíì. Mo júwe èyí tó yẹ aluminium fún wọn. Ìràjà wọn wálẹ̀, ni AI bá tún kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé oníbàárà yìí ti fẹ́ sá lọ. Mo ṣì ń ṣàlàyé ìyẹn títí di òní.

Akọ̀wé Àtijọ́:
Mo ń ka gbogbo yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ti ń ra ọjà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ X12, tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi ìwé òwò ránṣẹ́ síra wọn, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1979; EDIFACT, irú ètò kan náà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, dé ní 1987. Nínú X12, 850 ni ìwé ìràjà, 856 ni ìkéde pé ẹrù ti gbéra, 810 ni invoice. A kì í pe orúkọ wọn, nọ́ńbà la máa ń pè.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ ńláńlá ló lówó irú rẹ̀. Àwọn kéékèèké ń fi fáàsì àti email ránṣẹ́, àwa là ń jókòó tẹ̀ ẹ́ sínú ètò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ títẹ̀ yẹn ni AI gbà lọ́wọ́ wa, ó sì yẹ kó gbà á. Ó ń ka PDF, ó ń ka àwòrán ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ.

Ẹ ṣọ́ ibi ìwọ̀n nìkan o. Oníbàárà kọ "12 CTN", ìyẹn páálí méjìlá. Ètò tuntun wa kà á sí ẹyọ méjìlá. Ọjà tó yẹ kó kún ọkọ̀ wá di ohun tí èèyàn lè gbé dání. Láti ìgbà yẹn, a ní kó máa fi ìwé tuntun kọ̀ọ̀kan wé ohun tí oníbàárà náà ti rà sẹ́yìn. Èyí tó bá yàtọ̀ gedegbe, èèyàn ló máa wò ó.

Oníbọ̀wọ́:
Tèmi yàtọ̀. Ẹ̀rọ ni mo bá dúnàádúrà. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ ni mò ń pèsè fún ilé ìtajà ńlá kan. N kò tóbi débi tí ọ̀gá kan á fi ráyè jókòó tì mí láti tún àdéhùn wa wò. Lọ́jọ́ kan ni email dé: ẹ wá bá ẹ̀rọ wa sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣé n kò tó ẹni tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ ni?

Mo wọlé ṣá. Ó bi mí pé èwo ló ká mi lára jù: iye owó ni, ọjọ́ ìsanwó ni, àbí bí àdéhùn ṣe máa gùn tó? Mo ní ọjọ́ ìsanwó, torí ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń dá owó mi dúró. Ó ní òun lè sọ ọ́ di 35 tí mo bá lè yọ ìdá 2 nínú 100 kúrò lórí owó ọjà. Mo ní ìdá kan. A pàdé láàárín. Lórí ìjókòó kan náà la parí ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo sọ fún un pé owó rọ́bà ti gbẹ́nu sókè, ó ní òun ti gbọ́, ó sì padà sídìí ìbéèrè rẹ̀. Èèyàn ì bá bi mí léèrè síwájú.

Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é o. Láti 2021 ni Walmart ti ń fi ẹ̀rọ Pactum bá àwọn olùpèsè rẹ̀ dúnàádúrà.

Aṣírò Owó:
Ẹ̀gbọ́n Oníbọ̀wọ́, ẹ tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ yẹn kọ sílẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní British Columbia ní Kánádà dá Air Canada lẹ́bi nítorí pé bot, ẹ̀rọ tó ń fèsì ìbéèrè lórí ìkànnì wọn, ṣi oníbàárà lọ́nà lórí ẹ̀dínwó tíkẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ náà fẹ́ yọ ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ bot, wọn ò gbà fún un.

Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń sanwó, ibòmíì ni AI gbà wọlé. Ìwé jìbìtì tí wọ́n ń kọ kí AI tó dé máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tó wọlé sí wa láìpẹ́ yìí kò ní àbùkù. Ó sọ̀rọ̀ bí olùpèsè wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ó dárúkọ PO, ìyẹn ìwé ìràjà, tó wà nílẹ̀ lóòótọ́, ó ní àwọn ti pààrọ̀ báńkì. Ibì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì rẹ̀: r àti n tí wọ́n tò pọ̀ kó lè jọ m. Òfin wa ló gbà wá: àkáǹtì tuntun kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé a pe nọ́ńbà tó ti wà nínú fáìlì, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Fídíò pàápàá kò tó mọ́. Iléeṣẹ́ Arup pàdánù nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong nítorí òṣìṣẹ́ kan rò pé ọ̀gá òun ni òun ń wò lórí fídíò, láìmọ̀ pé AI ni wọ́n fi ṣe ayédèrú rẹ̀. Ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà lu síta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń san owó olùpèsè tuntun sínú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, irú Trade Assurance ti Alibaba, tó ń dáàbò bo owó ẹni tó rajà. Ẹni tó bá ní ká jáde síta ká lọ sanwó níbòmíì, n kì í dá a lóhùn.

Ìyá Páálí:
Áà! Èmi gan-an ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé ká jáde síta o. Ìdá tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ mi lórí páálí tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni.

Aṣírò Owó:
Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá. Òfin ọjà náà kò sì fàyè gbà á. Ẹ jẹ́ ká rajà lọ́wọ́ yín níbẹ̀ ná, kí orúkọ yín wọ fáìlì wa. Tó bá di ìgbà tí àdéhùn ọdọọdún bá délẹ̀, ká wá jókòó sọ̀rọ̀.