Ọgbà iwájú ilé tí kì í dá èèyàn lágara: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Ògo-Olúwa
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa ni. Ilẹ̀ tó kù níwájú ilé ò ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí lọ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ibi tí mo lè jókòó sí tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó tutù, kí ó mọ́ lójú, kí n má sì máa roko ní gbogbo Sátidé. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo ló ṣe rí fún yín?

Ọmọ Òròkí
Ẹ fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó. Ó parí.

Bàbá Káyọ̀dé, Òkè-Fìà
Àbúrò, íńtálọ́ọ̀kì kì í ṣe ọgbà. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló ti fi bo ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, omi ò rí ibi wọlẹ̀, ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń ya lọ. Tó bá sì di oṣù kejì ọdún, òkúta yẹn á ti gba oòrùn láti àárọ̀; ẹ gbé àga síbẹ̀ ní aago méje alẹ́, ooru rẹ̀ á ṣì máa bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Mi ò ní kí ẹ má lò ó rárá o. Ojú ibi tí táyà ń tẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ìlà méjì péré. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dà sí àárín rẹ̀.

Alhaja Aláró
Èmi ni kí ẹ bi. Ẹni tó bá wa ṣe tiwa tẹ́ koríko kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí ẹní, ó ní a ò ní ṣe wàhálà kankan lórí rẹ̀ mọ́. Owó gidi ló gbà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kànga fà, ta ló fẹ́ máa pọn omi mímu dà sórí koríko? Ó gbẹ háúháú. Bí òjò ṣe padà dé, èkan àti dáńdá ló kọ́kọ́ yọjú. A pe ẹni náà títí, kò gbé fóònù.

Ohun tó dúró dè wá di òní ni pèrègún tí ìyá ọkọ mi gbìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó gé ọ̀pá rẹ̀ ní gígùn apá, ó fi àdá bẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ìbẹ́-ẹ̀gbẹ́, ó gún un mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kí ó le. Ó tán. Kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ewé rẹ̀ ń dán. Tó bá ga jù, a gé e lórí, a tún gbin èyí tí a gé.

Dàmi_TestingGround
Alhaja, pèrègún kẹ̀? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi á ní mo ti ń bọ òrìṣà nílé.

Alhaja Aláró
Èmi tí mo lọ Mẹ́kà ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Ewé ni, ọmọ mi.

Àkànní
Dàmi, àwọn bàbá wa ń fi pèrègún pààlà ilẹ̀ kí ìwé sọ́fè tó dé. Tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń mú àgbà lọ, torí kì í kú bọ̀rọ̀. Pásítọ̀ yín gan-an á ti jókòó ti pèrègún inú ìkòkò ní òtẹ́ẹ̀lì rí.

Dàmi_TestingGround
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Akòko ńkọ́? Ṣé ẹni tí kò joyè lè gbìn ín?

Àkànní
Gbìn ín. Kò sẹ́ni tó máa fi tipátipá já a lé ọ lórí.

Títílayọ̀ A.
Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ibi tí ara ti ń balẹ̀, ṣé ẹ ti lọ jókòó nínú igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún? Ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, kò sì sí ẹni tó ń fi rọ́bà bomi rin ín. Ewé tó bá já, ibẹ̀ náà ló ń jẹrà sí. Òun ló ń bo ilẹ̀, tí oòrùn ò fi rí i gbẹ, tí koríko ò sì ráyè hù. Látìgbà tí mo ti kíyè sí i, ojú ọ̀nà nìkan ni mo ń gbá nílé. Abẹ́ igi, mo fi sílẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta péré ló wà nínú ọgbà wa: pèrègún lẹ́yìn, ọjà ikòokò lábẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń pa á, ọ̀dúndún níbi tí òjìji wà. Ẹ gbin oríṣi kan kí ó pọ̀, ẹ má ṣa ogún oríṣi jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ojú ò ní sinmi. Bẹ́ǹṣì símẹ́ǹtì ni mo ní kí bíríkìlà mọ mọ́ ògiri, kí ó tẹ̀ kọdọrọ bíi ti àwọn ògiri inú igbó náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe o. Adébísí Àkànjí tó bá Àdùnní Olórìṣà (òyìnbó ayàwòrán nì, Susanne Wenger) ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, bíríkìlà ni. Iṣẹ́ ìlú wa ni.

Dàmi_TestingGround
Ṣé a lè gé díẹ̀ níbẹ̀ wá gbìn?

Títílayọ̀ A.
Rárá o! Láti 1965 ni ìjọba ti ń dáàbò bo apá kan ibẹ̀, ní 1992 wọ́n fi ìyókù kún un. Má fọwọ́ kan igi ibẹ̀.

Ọmọ Òròkí
Ewé jíjẹrà nílé. Ejò ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ejò ń bá wá. Ẹ wo ilé tí wọ́n kó páànù àlòkù àti bíríkì jọ sẹ́yìn ná. Èmi, àwo tí ẹ ń gbé sábẹ́ ìkòkò òdòdó ló ń bà mí lẹ́rù. Omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé wọ́n á ti máa fò wọ yàrá ọmọ. Ẹ gbin nǹkan sínú ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Mùṣà
Ọjà ikòokò ń lé ejò. Ẹni tó bá gbìn ín yíká ilé ti bọ́.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìdí ọjà ikòokò ni wọ́n ti pa ọ̀kan nílé wa.

Bọ̀dá Mùṣà
Èyí tí ẹ gbìn ò pọ̀ tó ni.

Ìyá Ìbejì Ògo-Olúwa
Ẹ ṣé gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ tí Bàbá Káyọ̀dé sọ yẹn, ṣé koríko ò ní hù láàárín rẹ̀?

Bàbá Káyọ̀dé, Òkè-Fìà
Á hù tí ẹ bá kánjú dà á. Ẹ kọ́kọ́ hú èkan àti dáńdá tìdítìdí, kì í ṣe kí ẹ fi ọkọ́ gé e lórí. Dáńdá ní isu wẹ́wẹ́ tó dúdú nísàlẹ̀. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́kù á tún bí. Ẹ má tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, èkan á gún un jáde bí abẹ́rẹ́, omi ò sì ní lè wọlẹ̀. Àpò ìrẹsì ni kí ẹ tú tẹ́, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kí òkúta nípọn tó íǹṣì méjì sí mẹ́ta. Kí ilẹ̀ sì rọra dà síbi tí ẹ gbin pèrègún sí, kí ó má dà sí ìdí ilé.

Dàmi_TestingGround
Alhaja, mo ti gbà. Níbo ni mo ti máa rí ọ̀pá pèrègún?

Alhaja Aláró
Máa bọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Mú àdá tó mú dání, tiwa ti kú. Kí Ìyá Ìbejì náà bá ọ wá.

Bọ̀dá Mùṣà
Alhaja, ṣé ẹ ní ọjà ikòokò níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ejò yìí ni mo ń rò.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá
Bọ̀dá Mùṣà!