Àjẹsára tàbí fasíìnì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀fà ní kí a pa "àjẹsára" tì, kí a máa kọ "fasíìnì". Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ Látìn ló bá sáyẹ́ǹsì mu. Èmi ò gbà.

Kí ni Látìn ọ̀hún wí? Vacca, tí vaccine Gẹ̀ẹ́sì àti "fasíìnì" ti wá, ni abo màlúù. Lọ́dún 1796, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Jenner, gba omi egbò ìgbóná màlúù (àrùn màlúù tó ń mú egbò jáde lára) lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fún wàrà, ó fi sín ọmọ ọdún mẹ́jọ ní apá. Gbẹ́rẹ́ ni o, kì í ṣe abẹ́rẹ́! Nígbà tó tún fi ti ìgbóná gidi, èyí tó ń pa èèyàn (mi ò ní dárúkọ rẹ̀ kejì lọ́sàn-án gangan) sín in, kò mú un. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1798, variolae vaccinae, ìgbóná ti màlúù, ló pè é. Ibẹ̀ ni Faransé ti rí vaccin, tí Potogí rí vacina, tí Sípéènì rí vacuna. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé, ló dábàá ní 1881 pé kí orúkọ náà kárí gbogbo irú rẹ̀, láti fi yẹ́ Jenner sí. Bẹ́ẹ̀ àrùn adìẹ wà lára ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń bá jà!

Lárúbáwá ò yá Látìn rárá: laqāḥ ni tiwọn, ọ̀rọ̀ tí àwọn aláfáà wa n'Ílọrin mọ̀ mọ́ ìtànná akọ tí wọ́n ń fi sí abo ọ̀pẹ dábínù kó lè so. Háúsá ní rigakafi, ìyẹn ìdènà.

Ní ti "jẹ", ṣé ẹnu la fi ń jẹ oyè ni? Ṣé a ń jẹ gbèsè lẹ́nu? Ohun tó wọlé, tó sì jókòó sára, ló jẹ sára.

"Abẹ́rẹ́" gan-an ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n bá wí. Ẹ̀kán méjì ni wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, a ṣì ń pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àbùkù kejì ni pé a ń fi "àjẹsára" kan náà pe òògùn, a tún fi ń pe agbára tí ara fi ń lé àrùn. Èmi á ní "òògùn àjẹsára" fún ti àkọ́kọ́, "agbára àjẹsára" fún ìkejì, kí "abẹ́rẹ́" dúró de ibi tí abẹ́rẹ́ bá wà.