Níbo ni ilẹ̀ wà nínú "ìfàwòránwọnlẹ̀"?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní "photogrammetry", tí wọ́n fi ń ya ilé tàbí afárá ní àìmọye fọ́tò láti ojú òfuurufú, tí kọ̀ǹpútà á wá fi àwọn fọ́tò náà mọ ọ́n bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò, ẹ ní kí á máa pè é ní "ìfàwòránwọnlẹ̀", kí ohun tó bá jáde ("3D model") sì máa jẹ́ "àwòkọ́ṣe". Mi ò fara mọ́ méjèèjì. Makoko, àdúgbò orí omi ní Èkó, ni mo ti rí ìdí rẹ̀.

Àbúrò mi kan tó jẹ́ awọnlẹ̀ gbàṣẹ láti fi dírónù ya ilé kan tó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé náà jáde ní wíwọ́. Ojú kan náà ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú fọ́tò púpọ̀, bí igun fèrèsé tàbí orí ìṣó, kó tó mọ ibi tí nǹkan wà. Ilẹ̀ á dúró kí wọ́n wò ó. Ọ̀sà kì í dúró. Ìgbì tí fọ́tò kan rí ti lọ kí èkejì tó dé, oòrùn tó ń kọ mànà lójú omi sì ń ṣí kiri bí dírónù ṣe ń ṣí.

Ó padà lọ lọ́jọ́ tí ìkúukùu bo oòrùn. Kò lọ-bọ̀ lókè bí ẹni ń kọ ebè mọ́; ó ń yí ilé náà po, ó dẹ kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ya fọ́tò kankan tí ilé ò sí nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gorí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bíi páànù òrùlé, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Àmì tí wọ́n máa ń kàn mọ́lẹ̀ kí ìwọ̀n lè péye, ara ilé ló kàn án mọ́, torí kò rí ilẹ̀ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà ló bo omi inú àwọn fọ́tò náà kí kọ̀ǹpútà má baà wò ó.

Ilẹ̀ dà nínú gbogbo èyí? Ẹ jẹ́ kí á yọ ọ́ kúrò, kí ohùn ìsàlẹ̀ "wọ̀n" padà sípò: ìfàwòránwọ̀n. Albrecht Meydenbauer, ọmọ Jámánì tó lo orúkọ àwọn òyìnbó nínú ìwé ní 1867, ilé ló fẹ́ wọ̀n. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́ nígbà tó ń wọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Wetzlar ní 1858.

"Àwòkọ́ṣe" ló dùn mí jù. Ẹni tí à ń wò kọ́ ìwà ni àwòkọ́ṣe. Níbí, ti inú kọ̀ǹpútà ló wo ilé ṣe. Ilé ò wò ó. Ère ni mo fọwọ́ sí. Àwọn kan á ní ti òrìṣà ni, ṣùgbọ́n ère ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, èèyàn lè yí i wò. Àwòrán ò lẹ́yìn. Mo yí ti àbúrò mi dé ẹ̀yìn: gbogbo òpó hàn kedere, ọkọ̀ onígi tí wọ́n so mọ́ ọ̀kan nìkan ló rí bàìbàì, torí omi ń mì ín.